Oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin kan ní Ìkòròdú: ife pọ̀ lórí tábìlì, ṣé ọmọ ń mọ̀ ọ́n gbá?

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ọmọbìnrin méjì la fi síbẹ̀, ọ̀kan ọmọ ọdún 11, èkejì ọmọ ọdún 14, láti oṣù kìíní títí oṣù kẹfà fi parí. ₦12,000 lóṣù fún ọmọ kan, fọ́ọ̀mù ₦5,000, aṣọ ìgbáradì méjì ₦18,000. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni wọ́n ń pàdé, aago mẹ́rin ààbọ̀, àti àárọ̀ Sátidé ní aago méje, lórí pápá ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí Sábó. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ohun tó ń ṣe wọ́n ń ṣe ẹgbẹ́ mìíràn náà, láti Àgíríìkì dé Ìgbógbó.

Ife ẹ̀yẹ mẹ́sàn-án ni wọ́n tò sórí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, wọ́n nù ún títí ó fi ń dán. Òbí tó bá rí i, tó tún rántí pé Ìkòròdú níbí ni wọ́n bí Asisat Oshoala sí ní 1994, owó ló máa yọ, kò ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 19 péré ni Asisat nígbà tó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ àti ti ẹni tó jẹ góòlù jù lọ ní ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, ní Canada ní 2014. Ṣùgbọ́n ife tó wà lórí tábìlì kò sọ ẹni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ 34 ló wà nínú ìwé wọn. A bi wọ́n pé mélòó ló wọ pápá ní àṣekágbá tí wọ́n ti gba ife tó kẹ́yìn. Wọ́n ní 13.

Iye ìgbà tí ọmọ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù la fi ń wọn ẹgbẹ́. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, a mú bírò àti ìwé, a sì ń ka ti kékeré, ọmọ ọdún 11 wa. Nígbà tí wọ́n ń gbá a ní mọ́kànlá sí mọ́kànlá lórí pápá gbogbo, ìgbà 9 ni bọ́ọ̀lù kàn án láàárín ìṣẹ́jú 20, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ fífi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà wọ́n pín pápá, mẹ́rin sí mẹ́rin, ìwọ̀n mítà 25 sí 18, ìṣẹ́jú 10: ìgbà 27. Ọmọ kan náà, òwúrọ̀ kan náà. Kò sí ohun tí kóòṣì lè fẹnu kọ́ ọ tó máa dípò ìyàtọ̀ yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń padà sí mọ́kànlá sí mọ́kànlá? Ìdíje ni. Bí ìdíje bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìgbáradì á di bí a ṣe máa borí. Ọ̀nà tó yá jù láti borí lábẹ́ ọdún 13 ni kí a wá ọmọ kan tó ti bàlágà ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a fi í síwájú, kí ẹni ẹ̀yìn máa gbá bọ́ọ̀lù gíga sí i, kí kóòṣì dúró sẹ́bàá ìlà máa pariwo "Gbé e síwájú!" Ọmọbìnrin sábà máa ń yára ga ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12, ó sì máa ń ṣáájú ọkùnrin tó ọdún méjì. Fún ìdí èyí, ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ́dún kan náà lè fi odindi orí ga ju ara wọn lọ. Èyí tí wọ́n bí ní oṣù kìíní tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju èyí tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá, orúkọ ọdún kan náà sì ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ọmọ gíga yẹn á jẹ góòlù márùn-ún. Ní ọdún 15, nígbà tí àwọn yòókù bá bá a, kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju eré sísá lọ, torí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ bí a ṣe ń yí ara padà pẹ̀lú alátakò lẹ́yìn. Àwọn kéékèèké tó mọ bọ́ọ̀lù jù ú ti fi bẹ́ńṣì sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n ti lọ kọ́ ìránṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè ni owó wa ti wúlò. Igbákejì kóòṣì, obìnrin, ló ń darí rẹ̀, tìtorí rẹ̀ la sì ṣe fún ẹgbẹ́ náà ní ìràwọ̀ méjì nínú mẹ́ta yẹn. Kóònù mẹ́rin ló fi ń pààlà, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìṣísẹ̀ 10. Ọmọ mẹ́rin á máa gbá a fún ara wọn, ẹnìkan á wà láàárín tó ń lé e. Kóòṣì àgbà ti fi ìṣísẹ̀ 6 ṣe é rí, kò bọ́ sí i. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ pupa yìí máa ń le gan-an, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń ta, ọmọ ò sì ráyè tún un ṣe kí ẹni àárín tó já a gbà. Bí wọ́n bá gbá a nígbà mẹ́jọ láìbọ́, obìnrin yìí á fa kóònù wọlé sí ìṣísẹ̀ 8. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó gbá a fún ẹlòmíì.

Ohun tó wù wá jù nìyí: á lọ dúró lẹ́yìn ọmọ tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, á na ìka sókè, bóyá méjì, bóyá mẹ́rin. Ọmọ gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kí ó sì ké iye ìka náà kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kìíní, "Méjì!" ń jáde lẹ́nu wọn lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, kékeré ti ń wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró ní ìfẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tó jìnnà sí ẹni tó gbá a fún un gbà á. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dúró, ojú rẹ̀ ti wà níwájú. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ ìtòsí gbà á máa ń kẹ̀yìn sí pápá, kò sì sí ibi tó lè gbá a sí àfi ibi tó ti wá.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni ẹ̀sùn wa kejì. Mọ́kànlá ni wọ́n ní, gbogbo rẹ̀ nọ́ńbà 5: sẹ̀ntímítà 68 sí 70 yíká, gíráàmù 410 sí 450. Nọ́ńbà 4 ló yẹ ọmọ tí kò tíì pé 13, èyí tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 63.5 sí 66, gíráàmù 350 sí 390. Ó lè dà bíi pé ìyàtọ̀ yẹn kéré, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11 tó ń gbá nọ́ńbà 5 ò lè mú ọrùn ẹsẹ̀ le dáadáa, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa fi ń gbá a, tí ìyẹn bá sì ti mọ́ ọn lára, ó di iṣẹ́ ọdún méjì láti tún un ṣe. Wọ́n tún máa ń fẹ́ ẹ kún bí òkúta. Lórí ilẹ̀ líle, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. A ra nọ́ńbà 4 méjì fúnra wa, wọ́n gbà á, wọ́n sì ń lò ó. A ò rí owó wa padà.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn máa ń sá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n na ẹsẹ̀, ó tán. FIFA ní ètò ìmúra kan tí wọ́n ń pè ní 11+, ìṣẹ́jú 20, apá mẹ́ta: eré sísá jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 8, ìdúróṣinṣin àti fífò fún 10, eré kíkankíkan fún 2. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 17 ní Norway, tó jáde ní 2008, fi hàn pé ìpalára ńlá dín kù láàárín àwọn tó ń ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Fífò ni pàtàkì rẹ̀: bí ọmọ bá balẹ̀, kí orúnkún méjèèjì wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe kọlu ara wọn. Okùn inú orúnkún máa ń já lára ọmọbìnrin ju ọkùnrin lọ, ibi ìbalẹ̀ àti ìyíra yẹn ló sì ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní oṣù kẹta, wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. "Àyè ò sí, mọ́mì, ìdíje ti sún mọ́."

Ṣòkòtò péńpé funfun. Ta ló yan funfun fún ọmọbìnrin ọdún 14? Ní ọjọ́ nǹkan oṣù, ọmọ mẹ́ta sí mẹ́rin kì í wá. Ẹgbẹ́ obìnrin England gan-an ti pa ṣòkòtò funfun tì ní 2023, wọ́n mú búlúù. A kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí, wọ́n ní aṣọ tọdún yìí ti jáde.

Bàtà: ẹ má ra èyí tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà kéékèèké púpọ̀ ló bá ilẹ̀ wa mu, òkírìkà Sábó sì ní in. Ẹ wo gìgísẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí bàtà ọkùnrin sábà máa ń fẹ̀ níbẹ̀, á sì máa bó ẹsẹ̀ ọmọ.

Ìrìn àjò sí ìdíje ní Agége, ₦3,500 lórí ọmọ kan. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì gbéra, wọ́n há sí Mile 12, wọ́n dé ní aago mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún 14 wa gbá ìṣẹ́jú 4. Àwọn alátakò sì ní ọmọ "ọdún 14" kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kí ní ìyá ìbejì. Gbogbo ayé mọ ohun tí ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù túmọ̀ sí, ẹnìkan ò sọ nǹkan.

Ìwé tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ló lé ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 14 wa, kúrò níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta: ọdún mẹ́jọ, "ìṣàkóso", ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá rí lọ́jọ́ iwájú, àti ìlérí ìdánwò sí Yúróòpù "kí ọdún tó parí". Òfin FIFA kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé 18, àfi lábẹ́ àwọn àyè kéékèèké tí wọ́n là sílẹ̀. Owó ìtọ́jú tí wọ́n ń san fún ẹgbẹ́ tó kọ́ agbábọ́ọ̀lù kò sì sí nínú bọ́ọ̀lù obìnrin rárá. Ohun tó wà ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Àkọsílẹ̀ ọdún tó lò níbẹ̀ ló ń mú un wá, kì í ṣe ìwé ọlọ́dún mẹ́jọ. A ní kí wọ́n kọ ojú ewé kan péré: orúkọ, ọjọ́ ìbí bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, ọjọ́ tó dé, àti pé ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ, wọ́n á kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún un. Kóòṣì àgbà ní òun ò ní irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹfà, òjò ti sọ ìdajì pápá di adágún, ìgbáradì márùn-ún fò, owó oṣù ò yí padà. Ẹ̀gbọ́n ti kúrò. Kékeré ṣì wà níbẹ̀ fún Tọ́sìdeè nìkan, ₦5,000 lóṣù, lẹ́yìn tí a bá igbákejì kóòṣì sọ ọ́ tààrà. Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 4 méjèèjì ń bá a lọ, wọ́n sì ń bá a padà sílé.