Àyẹ̀wò pan masala inú ọ̀rá: "kò sí tábà" kò ní kí ẹnu má bàjẹ́

Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ọ̀pọ̀ ọ̀rá pan masala, àpòpọ̀ tí wọ́n ń rún lẹ́nu, tí wọ́n ń tà káàkiri Íńdíà ni pé kò sí tábà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀rá náà sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀: èso areca (èso irú ọ̀pẹ kan) gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹfun, oje igi catechu, àti ohun tó ń mú un ta sánsán. Láti ọdún 2004 ni IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka èso areca fúnra rẹ̀, láìsí tábà rárá, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Arecoline, èròjà kan nínú èso náà, máa ń jí ni lójú, ibẹ̀ ni bárakú ti ń wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n á máa fa omi rẹ̀ mu, ibẹ̀ náà ló sì ń bàjẹ́ jù. Arecoline ń mú kí abẹ́ awọ ẹnu máa ṣe kọ́lájìn, ìyẹn fọ́nrán tó ń gbé ara ró, ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbà inú èso náà ń ran ẹ́ńsáìmù tó ń so kọ́lájìn pọ̀ lọ́wọ́, títí á fi le gbagidi tí ara ò ní lè tú u mọ́. Ẹfun ní tiẹ̀ á máa bó awọ ẹnu.

Ata ló máa kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn: èyí tí kò ta á tẹ́lẹ̀ á máa jó o lẹ́nu. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá funfun, ìka á sì máa kan ohun tó le bí okùn lábẹ́ awọ. Ẹ to ìka mẹ́ta léra, kí ẹ kì í bọ àárín eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì péré ló wọlé, ẹ tètè rí dókítà eyín. Búrọ́ọ̀ṣì lè dín àwọ̀ pupa tó kun eyín kù; kò lè kan okùn yẹn. Abẹ́rẹ́, ìdárayá ẹnu àti iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹnu là díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n awọ náà kì í padà sí bó ṣe wà.

Láti 2012 tí àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà ti ń fòfin de gutkha, èyí tó ní tábà nínú, àwọn ìsọ̀ kan ń fi ọ̀rá pan masala àti ọ̀rá tábà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí oníbàárà lọ pò ó fúnra rẹ̀. Ìyẹn burú jáì.

A ò fún un ní máàkì kankan. Ẹni tó bá ti ń jẹ ẹ́ kó dáwọ́ dúró lónìí, kó sì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ ahọ́n àti erìgì: àbààwọ́n funfun tàbí pupa, tàbí egbò tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ló gbọ́dọ̀ wò ó.