Kọ́ọ̀sì àwọn tó ń ran ẹbí tí nǹkan nira fún lọ́wọ́, èyí tí mo ṣe n'Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú kí n tó yìn wọ́n.

Orí ọ̀rọ̀ àṣírí la wà, bí èèyàn ò ṣe gbọ́dọ̀ tú àṣírí ẹbí tó ń ràn lọ́wọ́, bí ò ṣe gbọ́dọ̀ fi fáìlì sílẹ̀ lórí tábìlì lọ jẹun. Bùọ̀dá tó ń kọ́ wa ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa o. Àfi bó ṣe tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ tí fọ́tò ọmọbìnrin kan yọ gàdàgbà lára ògiri, ojú ẹ̀ rèé, orúkọ ẹ̀ rèé, àdúgbò ẹ̀ rèé, àti ohun tí ọkọ ìyá ẹ̀ ṣe fún un. Ìyá kan lẹ́yìn mi kàn pariwo pé, "Yéè, ọmọ ìsàlẹ̀ ilé wa!"

Mo nawọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ fọ́tò yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, àpẹẹrẹ lásán ni, ara wa náà la jẹ́." Ara wa bí i ti báwo, nígbà táwọn kan ti ń fi fóònù ya ara ògiri! Mo bá lọ bá kọ́ọ̀dínétọ̀ níta, ó ń ka páàkì oúnjẹ ọ̀sán, kò gbójú sókè, ó ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìparí. Fọ́ọ̀mù ìparí kẹ̀! Mo ti ń kó ìwé mi sí báàgì.

Màámá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́fíà, táwọn náà ń kọ́ wa, ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi tán, wọ́n wọlé, wọ́n paná ẹ̀rọ yẹn fúnra wọn, wọ́n wá ń lọ láti àga dé àga títí gbogbo ẹni tó ya fọ́tò fi pa á rẹ́ lójú wọn. Bùọ̀dá yẹn tọrọ àforíjì, ẹnu lásán ni lójú tèmi.

Látìgbà yẹn ni kọ́ọ̀sì ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màámá yìí mọṣẹ́! Wọ́n ní ká má ṣèlérí fọ́mọdé láé pé "mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni", ká sọ fún un pé àwọn tó lè dáàbò bò ó nìkan la máa sọ fún, àti pé ọmọ ọdún 16 tó lóyún, ọmọdé ṣì ni, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ó dìgbà téèyàn bá pé 18. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni genogram, àwòrán ẹbí, tí ọkùnrin ń jẹ́ onígun mẹ́rin tí obìnrin ń jẹ́ róbótó. Ọkọ kan aya kan ló wà nínú ìwé wọn. Màámá ní ilé ta nìyẹn ní Bẹẹrẹ? Wọ́n ní ká ya ilé olórogún, bàbá kan, ìyàwó mẹ́ta, ọmọ tí ìyàwó kejì gbé wá láti ilé ọkọ àárọ̀, àbúrò bàbá tó wà ní yàrá iwájú. Ìwé kan ò gbà á, a lẹ méjì pọ̀, ìgbà tá a yà á tán la tó rí i pé ìyá àgbà tẹ́nì kankan ò dárúkọ ẹ̀ ló ń bọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Oúnjẹ wọn tutù. Sọ́tífíkéètì wọn wá kọ "professional social worker" sára, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, irọ́ gbuu, ọdún mẹ́rin làwọn tó kà á ní yunifásítì ń lò, òfin tó dá ìgbìmọ̀ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ sì ti wà láti 2022, ẹ má fi bébà yìí pe ara yín ní nǹkan kan.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti ní kí àbúrò mi lọ ṣe tiẹ̀, àmọ́ kó bèèrè bóyá màámá yẹn ló máa kọ́ wọn kó tó sanwó.