Géèjì prẹ́ṣọ̀ àbí òǹkà ìṣàn epo?

Àríyànjiyàn kì í tán láàárín àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ bàálù wíwà l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo. Géèjì prẹ́ṣọ̀ ń sọ bí epo ṣe ń fi agbára tì tó nínú páìpù. Òǹkà ìṣàn ń sọ iye gálọ́ọ̀nù tí ẹ́ńjìnnì ń mu ní wákàtí kan.

Bí pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì bá kú lára bàálù Piper Cherokee, tí táńkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, prẹ́ṣọ̀ ló máa kọ́kọ́ já wálẹ̀. Bàálù Cessna 172 àtijọ́ oníkábúrétọ̀ ò nílò géèjì prẹ́ṣọ̀: òkè ni táńkì wà, epo ń sàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé. Ọ̀pọ̀ géèjì ìṣàn àtijọ́ lára ẹ́ńjìnnì onínọ́sù (èyí tí ihò tíńtín ń fọ́n epo sínú rẹ̀), prẹ́ṣọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n o! Bí ìdọ̀tí bá dí nọ́sù kan, epo tó ń wọlé á dín kù, prẹ́ṣọ̀ á ròkè, abẹ́rẹ́ á wá máa sọ pé epo ń lọ yàà. Irọ́ gbuu. Òǹkà tuntun ní abẹ̀bẹ̀ kékeré tí epo ń yí bìrìbìrì. Epo gan-an ló ń kà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá epo á gbé mi dé Ìbàdàn, òun ni mo máa wò. Ṣùgbọ́n nínú bàálù onípọ́ǹpù, ẹ má yọ géèjì prẹ́ṣọ̀ kúrò.