Gíríìn tíì, mòríńgà, aloe vera tàbí oògùn oníhóró: èwo ni ká rà nítorí oòrùn?

Ẹni tó bá dúró ní Ojúde Ọba títí àwọn ìdílé Balógun fi gẹṣin kọjá tán, tàbí tó ń pàtẹ ọjà ní Òkè Ajé lójoojúmọ́, mọ bí oòrùn ṣe ń ta. Àwọn ìpara àti oògùn tí wọ́n fi omi ewé ṣe pọ̀ lórí àtẹ báyìí, gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní ààbò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rọ́pò ìpara adènà-oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì dọ́gba.

Ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB máa ń ba DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ ní tààrà nínú awọ ara. UVA, oríṣi ìtànṣán kejì, ń wọlé jìn jù ú lọ, ó sì ń dá oró sílẹ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ìpara adènà-oòrùn ló ń dá ìtànṣán dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oró èyí tó bá ráyè wọlé ni omi ewé ń bá jà.

Gíríìn tíì ni mo fọkàn tán jù. Lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi í pa ara àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n wá tan ìtànṣán sí wọn lára. Ara tó ń pọ́n dín kù, DNA tó bàjẹ́ náà sì dín kù. EGCG lorúkọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Àmọ́ ooru àti afẹ́fẹ́ tètè máa ń bà á jẹ́, nítorí náà túùbù tó dé pinpin sàn ju agolo tí à ń ki ìka bọ̀ lọ, ẹ má sì ra èyí tó ti ń sun oòrùn lórí àtẹ. Ẹ wá Camellia sinensis, orúkọ sáyẹ́ǹsì ewé tíì, lára páálí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lọ́fíńdà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀kán díẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mòríńgà wà lágbàlá ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbà á gbọ́. Ewé rẹ̀ ní èròjà quercetin àti fítámì C lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ní lórí oòrùn, inú yàrá àyẹ̀wò ló pọ̀ sí jù. Ẹ sì ṣọ́ra: òróró mòríńgà, inú hóró èso ni wọ́n ti fún un, kì í ṣe ewé. Ó dára fún ara gbígbẹ, ó parí síbẹ̀.

Aloe vera, ẹ rà á fún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara bá ń jó. Oje yẹ́lò abẹ́ èèpo rẹ̀ máa ń yún ara.

Oníhóró tí wọ́n fi ewé Polypodium leucotomos ṣe, láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní ìwádìí tirẹ̀ lára èèyàn, lọ́dún 2004. Èèyàn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ṣe é, aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n. Lọ́dún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kò sí oògùn oníhóró tó lè gba ipò ìpara adènà-oòrùn. Owó tí ẹ fẹ́ ná lé e, ẹ fi ra fìlà aletí fẹ̀ǹfẹ̀.

Bí owó kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, ìpara adènà-oòrùn tó ní SPF 30 ni kí ẹ rà; SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe lágbára tó láti dènà oòrùn. Ó ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 UVB dúró bí ẹ bá pa á dáadáa. Bó bá kù, ẹ fi gíríìn tíì kún un. Ẹ̀yin òbí tó bí àfín, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ewé kankan dánra wò lára ọmọ yẹn: aṣọ alápá gígùn, fìlà, SPF tó ga, kí dókítà awọ ara sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí jẹjẹrẹ awọ ara ń pa wọ́n.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tó bá sì ń ṣèlérí pé ara yóò "tàn" lọ́sẹ̀ kan, ìpara ìbóra ni. Awọ tí wọ́n bá bó kò lè kojú oòrùn mọ́. Bí alágbo bá sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ewé tí ẹ fẹ́ fi para, ẹ má jáde sóòrùn pẹ̀lú rẹ̀: ó lè lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.