Ìyá Onípákò Ọjà Ọba: Àtà Rẹ̀ Ń Pa Ahọ́n Lóòótọ́

Aláró ni mí nílùú aró. Ẹni tó bá ti rí èékánná mi kì í bi mí níṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ohun tó gbé mi dé ìsọ̀ ìyá yìí ni ẹran ìdí eyín mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án. Dókítà eyín ti bá mi ha gbogbo ìdọ̀tí kúrò (owó yẹn ò ṣeé gbọ́ sétí), mo wá ní kí n kúkú padà sí pákò tí a bá lẹ́nu ìyá wa.

Tábìlì kan àti agbòjò tó ti ṣí ni gbogbo ìsọ̀ náà. Ó ní pákò ìjẹ̀bú, ó ní orín ìdí, àmọ́ àtà ni mo wá. Mo ti ra ohun tí wọ́n pè ní àtà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri rí, mo jẹ ẹ́ títí, àfi bí igi ìdáná. Nígbà tí mo bi í bóyá tiẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kò bínú. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó họ èèpo ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Ó ní, "Egbò rẹ̀ nìyí, kì í ṣe ẹ̀ka. Jẹ ẹ́, kó o máa kà."

N kò tíì ka ogún tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta bí ata, itọ́ kún mi lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ahọ́n kú, ètè náà kú. Mo fẹ́ pe "Màmá", "Wàwá" ló jáde. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ọmọ mi tó kọ́ ẹ̀kọ́ oògùn n'Ífẹ̀ ló tú u fún mi. Ó ní mọ̀lẹ́bí ọsàn ni igi ẹlẹ́gùn-ún yìí, Zanthoxylum zanthoxyloides lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Fagara ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Èròjà kan wà nínú egbò rẹ̀ tó ń jẹ́ fagaramide, ìran rẹ̀ ló máa ń mú ẹnu kú. Chelerythrine àti berberine tún wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń bá kòkòrò àìfojúrí jà, àwọ̀ wọn sì pọ́n. Ó ní àwọn ará àtijọ́ ń fi berberine pa aṣọ láró. Háà! Èmi aláró kọ́? Mo rẹ èyí tí mo họ lára rẹ̀ sómi, mo ki òwú funfun bọ̀ ọ́. Ó mú díẹ̀, àmọ́ omi kejì ló ṣí dànù. N ó máa bá ẹ̀lú mi lọ.

Ẹ̀sùn mi méjì rèé. Ìyá gbọ́ pé ọmọ àbúrò mi ní ẹ̀jẹ̀ SS, èyí tó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ló bá ní ká máa se egbò yìí fún un, ká fi ti ọsibítù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń fi omi pákò dán kòkòrò wò lórí ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ibi tí àtà wà kò tètè pa àwọ̀ dà. Ní 1971, méjì nínú àwọn onímọ̀, Sofowora àti Isaacs, tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi egbò rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sípò. Inú ìgò nìyẹn ṣá, kì í ṣe inú ọmọ wa. Ọjọ́ kílíníìkì ọmọ náà kò yẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀kejì ni ìdì tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì, 500 náírà fún márùn-ún. Ó ti wọ́n omi sí i kó lè dà bí tuntun, ó wé e sínú ọ̀rá. Ọjọ́ kẹta, nǹkan funfun bí òwú ti hù sí i lára. Mo gbé e padà, ó pààrọ̀ méjì, ó ní mẹ́ta tó kù ṣì dáa. Mo jù wọ́n nù lójú ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín mi ti dáwọ́ dúró báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà eyín náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì ọpẹ́ yẹn. Mo ṣì ń ra ọjà lọ́wọ́ ìyá. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, àtà ló kọ́kọ́ máa ń tán. Ẹ má gba ti inú ọ̀rá, ẹ sì ní kó họ ọ̀kan lójú yín.