Himalayan 450 àbí CRF300L: èwo ni kí ẹ rà bí ẹ bá fẹ́ dá nìkan gun àwọn òkè Scotland?

Ẹni tó fẹ́ dá nìkan gun alùpùpù la àwọn òkè Scotland kọjá, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: bí nǹkan yìí bá ṣubú, ṣé mo lè dá a gbé dìde? Agbára ẹ́ńjìnnì làwọn tó ń tà á máa ń fi polówó. Lójú tèmi, ìwúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo táǹkì epo.

Royal Enfield Himalayan 450 àti Honda CRF300L làwọn ará wa ní Ìlú Ọba sábà máa ń wò mọ́ra. Tí wọ́n bá jẹ́ tuntun, owó wọn kò jìnnà síra. Láísẹ́ńsì A2, tí ẹni ọdún 19 lè gbà, tó fún méjèèjì. CBT, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ alùpùpù, nìkan kò tó.

Himalayan wọn kìlò 196, CRF wọn kìlò 142. Ohun tó fi lé ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ẹ wo Bealach na Bà tó gba orí òkè lọ sí Applecross: ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ méjì kò lè gbà pọ̀, tó gòkè dé mítà 626, tí kọ́nà rẹ̀ sì le. Ẹ lọ́ra jù ní kọ́nà, ẹ́ńjìnnì kú, ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ tì, alùpùpù ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Bó bá fi apá ọ̀tún ṣubú, ẹ fa irin ìdúró rẹ̀ síta, ẹ fi í sí jíà kó má baà yí lọ. Ẹ kẹ́yìn sí i, kí ìdí yín kan ìjókòó rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù mú, ẹ fi ìkejì di irin ẹ̀yìn, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí á gbé CRF dìde. Ti Himalayan, pẹ̀lú àgọ́ àti aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, àfi kí ẹ kọ́kọ́ tú ẹrù kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n CRF ga: ìjókòó rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 88 jìnnà sílẹ̀, ti Himalayan jẹ́ 82.5. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi gun alùpùpù, kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ jókòó lé méjèèjì. Bó bá jẹ́ orí ọmọìka ẹsẹ̀ nìkan lẹ fi ń kan ilẹ̀, ìfúyẹ́ yẹn kò ní gbà yín ní kọ́nà.

Lítà 17 ni táǹkì Himalayan ń gbà, ti CRF kò ju 7.8 lọ. Ilé epo jìnnà síra wọn lápá àríwá Scotland, àwọn mìíràn sì tètè ń tì. Bí CRF lẹ gùn, gbogbo ilé epo tí ẹ bá rí ni kí ẹ yà. Irú CRF mìíràn, CRF300 Rally, ń gba lítà 12.8, ó sì wọn kìlò 153, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n ju ti CRF300L lọ.

Ẹ má torí pé CRF mọ ẹrọ̀fọ̀ rìn rà á. Òfin Scotland kò fàyè gba alùpùpù lórí ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ orí òkè, orí ọ̀dà lẹ máa wà jù.

Nípa táyà, túùbù wà nínú ti CRF. Himalayan tó ní túùbù wà, èyí tí kò ní náà wà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, kí ẹ mú èyí tí kò ní. Bí ìṣó bá gún un, ẹ ó fi rọ́bà dí ihò náà lójú ọ̀nà. Túùbù ńkọ́? Ẹ ó tú ẹsẹ̀ alùpùpù kalẹ̀ nínú òjò, kí kòkòrò midge sì máa jẹ yín lójú.

Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Birmingham lẹ ti ń gbéra, tí ẹ sì ti mọ alùpùpù gùn, Himalayan ni kí ẹ rà. Ìjókòó CRF tín-ín-rín, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á sì máa ké fún odidi ọjọ́ kan lórí mọ́tọ̀wéè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì, tó ń gbé ní Glasgow, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì gùn, CRF ni mo máa ní kó rà.