Mo Sanwó Kí Wọ́n Bi Àwọn Ará Àkúrẹ́ Léèrè Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Jẹ: Bí Iṣẹ́ Náà Ti Rí

Ilé oúnjẹ kékeré kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ní ní Alágbàká, kò jìnnà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, iyán àti ọkà sì ni wọ́n fi mọ̀ wá. Nígbà tí àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù tí a kò sì mọ ohun tó fà á, mo gba ilé iṣẹ́ kan tó ń wádìí èrò àwọn ará ìlú síṣẹ́, kí wọ́n bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ohun tí wọ́n ń fẹ́. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn kan gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ṣòwò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tó fẹ́ náwó sí i, ó yẹ kó mọ ohun tó fẹ́ rà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ta kò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àwọn àwo tí à ń kó nílẹ̀ lójoojúmọ́ ń sọ̀rọ̀, ìwọ ni o kò gbọ́ èdè wọn."

Àdéhùn wa ni pé wọn yóò bá 200 ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò sì kó ìdáhùn wọn jọ sínú ìwé kan tí èmi náà lè kà kó sì yé mi. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó àpò ìrẹsì mẹ́ta lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún ni pé ọ̀gá wọn kò tàn mí jẹ nípa ohun tí 200 ènìyàn lè fi hàn àti ohun tí wọn kò lè fi hàn. Ó ṣàlàyé pé bí wọ́n tilẹ̀ yan àwọn 200 náà láìṣe ojúsàájú rárá, bí ìwé bá sọ pé ìdá 55 nínú 100 fẹ́ nǹkan kan, òótọ́ ibẹ̀ lè jẹ́ 48, ó sì lè jẹ́ 62. Ẹgbẹ́ Afrobarometer, tó ti ń wádìí èrò àwọn ará Áfíríkà láti ọdún 1999, sábà máa ń bi 1,200 tàbí 2,400 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí àṣìṣe náà, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìwé sọ àti òótọ́, má baà ju nǹkan bíi 3 tàbí 2 nínú 100 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gé àṣìṣe sí ìdajì ní láti sọ iye àwọn tí yóò bi di ìlọ́po mẹ́rin, owó iṣẹ́ náà yóò sì máa gòkè tẹ̀lé e. Mo ṣírò o, mo rí i pé 200 ni agbára wa gbé.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá dùn-ún wò, ó kún fún àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ohun tó sọ ni pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, àti èso lẹ́yìn oúnjẹ. Ipò kẹrin ni iyán wà. Ní Àkúrẹ́! Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta mí lólobó. Ta ni wọ́n bí ní agbègbè yìí tí kò mọ̀ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú? Àwọn àgbà tó to oúnjẹ wọ̀nyẹn lẹ́sẹẹsẹ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè níwájú báńkì. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó, ẹni tó bá sì sanwó fún ọ̀rọ̀ a máa fẹ́ gbà á gbọ́. A ra ọ̀fadà, a ra ẹ̀wà olóyin, a ń gé ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ike. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, iyán ń tán kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ọ̀fadà sì wà nínú ìkòkò títí a fi ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń pe àwọn ọmọ àdúgbò wá jẹ ẹ́ ni, ìyẹn sì dùn mí ju ìbáwí lọ.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá wọn. Wọn kò bá mi jiyàn, èyí sì ni ohun kejì tí mo yìn wọ́n fún. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá wọn béèrè ọ̀rọ̀ jáde fún ọjọ́ kan. Ọmọ náà gbọ́n, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, ó ń kí àgbà bó ti yẹ, àmọ́ ó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ̀wù rẹ̀ sì funfun nini. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ìsìkàn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ọ wá?" Ọmọ náà dáhùn pé ilé oúnjẹ kan ni, mà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò tíì tà látàárọ̀." Owó orí ló wà lọ́kàn ìyá. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé Afrobarometer a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀, ní ìparí ìbéèrè wọn, pé ta ló rò pé ó rán wọn wá, nítorí pé ẹni tó bá gbà pé ìjọba ni yóò ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sí nínú fọ́ọ̀mù tèmi.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù ọ̀hún, olúkúlùkù agbéèrè ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó ti mọ̀. Níbi tí ẹnì kan ti ń béèrè pé ṣé oúnjẹ tí ẹ ń rà níta máa ń tẹ́ yín lọ́rùn, ẹlòmíràn ń béèrè pé ṣé ẹ máa ń yó. Ènìyàn lè yó kí ó sì máa bínú sí owó tó san títí tó fi délé. Wọ́n tún ní kí ẹni tí wọ́n ń bi yan ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún, láti orí "ó dára gan-an" dé orí "kò dára rárá", ṣùgbọ́n "a dúpẹ́" ni àwọn ènìyàn wa ń sọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, mo gbọ́ "a dúpẹ́" lẹ́nu awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, lẹ́nu ìyá tí ọjà rẹ̀ kò tà, àti lẹ́nu ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tábúlẹ́ẹ̀tì kọ pé nǹkan dára fún gan-an. Ìbéèrè tó wá bà wá jẹ́ jù lọ ni èyí tó ní ṣé ẹ fẹ́ràn oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore. Ọmọlúàbí wo ni yóò dúró níwájú ọmọ tó múra dáadáa, tó kúnlẹ̀ kí i, tí yóò sọ fún un pé epo àti ẹran ni òun fẹ́ràn ní tòun?

Ibi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tún burú ju bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ lọ. Iwájú báńkì àti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n dúró sí, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí owó oṣù wọlé. Kò sí awakọ̀ gáréèjì níbẹ̀, kò sí ọlọ́jà Ọjà Ọba, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìlú wa. Irú àṣìṣe yìí ló ba orúkọ ìwé ìròyìn ńlá kan jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Literary Digest fi ìwé ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì dáhùn, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Landon ni yóò borí Roosevelt nínú ìbò ààrẹ. Roosevelt ló mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, ní àkókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí ebi ń pa ìlú. George Gallup, olùwádìí èrò mìíràn tí àwọn tó bi kéré púpọ̀ sí iye yẹn ṣùgbọ́n tó yàn wọ́n káàkiri, ló mọ ẹni tí yóò wọlé. Ẹni tó bá ń jáde láti báńkì lẹ́yìn owó oṣù lè fẹ́ èso lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ padà bi í léèrè ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù.

Ọ̀ràn àwọn tó dákẹ́ tún wà, èyí tí àwa ní Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ tètè gbàgbé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìwádìí nípa ìbò ààrẹ tí ilé iṣẹ́ NOIPolls ṣe fún ANAP Foundation gbé Peter Obi síwájú pẹ̀lú ìdá 23 nínú 100, Bola Tinubu ní 13, Atiku Abubakar ní 10. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà dé tí wọ́n fi pa ìwé dé. Ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ rí i pé àwọn tí kò tíì pinnu àti àwọn tó kọ̀ láti sọ ju ìdajì lọ tí a bá pa wọ́n pọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Tinubu ló wọlé pẹ̀lú nǹkan bíi ìdá 37 nínú 100 ìbò, àwọn tó sì jáde dìbò kò tó ìdá 30 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Stears, ilé iṣẹ́ ìwádìí mìíràn, tó bi àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000, ti kọ ọ́ ṣáájú pé Obi ni yóò borí bí àwọn ènìyàn bá tú jáde rẹpẹtẹ, pé Tinubu sì ni bí àwọn tó jáde bá kéré. Iṣẹ́ yẹn mọ́yán lórí lójú mi, nítorí pé ó ya èrò ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ tí yóò rìn dé ibi ìbò. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi kò ya ẹni tó ní òun yóò wá jẹun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń wá.

Ìgbà kejì ni iṣẹ́ wọn wá dà bí iṣẹ́. Mo san ìdajì owó ti àkọ́kọ́, a sì jọ jókòó tún ìbéèrè kọ ní Yorùbá, kí gbogbo agbéèrè lè máa kà á bákan náà láìfi tiwọn kún un. A yọ gbogbo "ṣé ẹ fẹ́ràn" àti "ṣé ẹ ó fẹ́" kúrò. Ohun tó rọ́pò wọn ni: Kí ni ẹ jẹ lọ́sàn-án àná? Aago mélòó ni ẹ jẹ ẹ́? Èló ni ẹ san? Kí ni ẹ ti yọ kúrò nínú ohun tí ẹ máa ń rà tẹ́lẹ̀? Wọ́n bọ́ káàdì ọrùn, wọ́n dé Ọjà Ọba, Ìsìkàn, gáréèjì àti ẹnu ọ̀nà FUTA, wọ́n ń dá ẹnì kan dúró nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kọjá, dípò ẹni tí ojú rẹ̀ bá tutù. Ọ̀gá wọn tún fi fóònù pe díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi padà, láti rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kún fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀.

Iyán padà sí ipò rẹ̀, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n yọ kúrò àti aago tí wọ́n jẹun ló sọ ohun tí n kò mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé oúnjẹ wọ́n. Àjọ tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí jọ kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 pé iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40 nínú 100 àti díẹ̀ ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìṣirò yẹn kò sọ ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ń jù sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá le. Ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, wọ́n á fi pọ̀nmọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sún oúnjẹ ọ̀sán di aago mẹ́rin, kí ó lè jẹ́ ọ̀sán kí ó sì jẹ́ alẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní orúkọ fún tiwọn tipẹ́: 0-1-0, ìyẹn ni pé ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń jẹun. Àwa ń gún odó kan ṣoṣo láàárọ̀, a ń parí ní aago méjì, a sì ń kérora pé àwọn oníbàárà ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn wa ní aago mẹ́rin tí wọ́n ń bá ìkòkò òfìfo. Ní báyìí, a ń gún odó kejì ní aago mẹ́ta ààbọ̀, pọ̀nmọ́ ti wà lórí àtẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sílé sì ń yà.

Nígbà tí mo ka ti ẹran fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun kò ti rí egungun nínú àwo. Òótọ́ ló sọ, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé tó jẹun nìkan ni àwo lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀; ti ẹni aago mẹ́rin tí kò wọlé rárá, kò sí àwo tó lè sọ ọ́ fún wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé owó ìgbà kejì kò ṣòfò.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún wọn. Mo yọ ọ̀kan nítorí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gba owó rẹ̀ pé pérépéré, mo sì yọ ìkejì nítorí pé títí di òní wọn kò tíì fún mi ní àwọn ìdáhùn náà gan-an, yàtọ̀ sí ìwé àkópọ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú àdéhùn wa. Wọ́n ní kí oṣù yìí tó parí. Bí wọ́n bá kó o dé, màá padà wá fi ìràwọ̀ kan kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní méjì ni tòun, òun kò sì ní fi kún un, nítorí ọ̀fadà.